Iye Tí Wọ́n Ń San fún Ojú-Àṣá

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fi orí gbá ògiri jẹun. Mi ò pa òwe. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí nílé iṣẹ́ géèmù nìyẹn. Wọ́n á gbé géèmù tí wọn ò tíì ṣe tán síwájú rẹ̀, á mú ọdẹ tó wà nínú rẹ̀, á sì máa fi ọdẹ náà gbá gbogbo ògiri ìlú tó wà níbẹ̀, òkúta kan tẹ̀ lé òkúta kan, títí á fi rí ibi tí ọdẹ náà ti lè gba inú ògiri kọjá bí iwin. Tó bá ti rí i, àléébù nìyẹn. Á pe àwọn tó ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, kí wọ́n wá tún un ṣe. Tí wọ́n bá tún un ṣe tán, á padà sí òkúta àkọ́kọ́, torí pé bí wọ́n ṣe ń di ihò kan níwájú ni òmíràn ń là lẹ́yìn.

Àwọn èèyàn gbà pé eré ló ń ṣe. Ọkọ àbúrò ìyá wa sọ ọ́ lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o ṣoríire o. Àwa ń ṣiṣẹ́, ìwọ ń ṣeré, owó oṣù sì ń wọlé."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wá bá mi ṣe é. Ẹ wá máa já bọ́ láti orí òrùlé kan náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ máa kú, kẹ́ ẹ máa jí. Tó bá fi máa di ọ̀túnla, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kẹ́ ẹ kú pátápátá."

Ilé iṣẹ́ náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta dígí. Yàrá mẹ́ta ni wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ sí. Yàrá iwájú ni ti àwọn tó ń kọ kóòdù; ó ní fèrèsé ńlá, ó sì tutù. Àwọn ayàwòrán ló wà láàárín. Yàrá ẹ̀yìn, tó dojú kọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ni ti àwọn tó ń dán géèmù wò. Kò ní fèrèsé. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ìta kì í jẹ́ kéèyàn rí ojú kọ̀ǹpútà dáadáa. Bí yàrá ṣe tò ni owó ṣe tò: ti iwájú pọ̀ jù, ti àárín tẹ̀ lé e, ti ẹ̀yìn ló kéré jù. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá wọn jà sí ìyẹn. Ó ní ẹni tó bímọ àti ẹni tó bá a pọ̀n ọ́n ò lè gba iyì kan náà. Èmi jà sí i, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn ni mo fẹ́ sọ, láàárín àwọn tó jọ ń lo tábìlì kan, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Òfin méjì ló wà ní yàrá náà. Ti àkọ́kọ́ wá láti ẹnu obìnrin tó ni ilé iṣẹ́, tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí Ọ̀gá. Ó máa ń sọ ọ́ fún ẹni tuntun lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dé: "Ẹbí ni wá níbí. Nínú ẹbí, a kì í béèrè pé èló ni wọ́n fún ọmọ lágbájá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ iye tó ń gbà.

Òfin kejì jẹ́ ti iṣẹ́ náà gan-an. Ohun tí ojú kan rí kì í ṣe àléébù. Tí ọdẹ bá gba inú ògiri kọjá lójú ẹ, wàá pe ẹni tó jókòó tì ẹ́, wàá jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ níṣojú rẹ̀, òun náà á sì sọ pé, "Mo rí i." Ìgbà yẹn lo tó lè pe àwọn ti yàrá iwájú. Bí kò bá sí ẹnì kejì, wọ́n á ní oorun ló ń kùn ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn òfin kejì yìí débi pé ó gbé e wálé. Tí ìyá wa bá pariwo pé eku kan sáré kọjá ní kíṣìnì, á béèrè pé, "Ta ló bá yín rí i?" Ìyá wa á ní, "Eku náà ni. Lọ bi í." Kò sí ẹni tó ń rí àléébù bí ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ojú-Àṣá.

Lọ́dún kẹta tó ti wà níbẹ̀ ni Ẹlẹ́rìn-ín dé. Ọkùnrin ni, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, gbogbo eyín rẹ̀ ló sì fi ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ nǹkan kan. Bó ṣe di ohun tí wọ́n fi ń darí ọdẹ mú, bí ẹni tó gbé àwo gbígbóná ló rí. Wọ́n ní kó jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ilé. Ó kọ́ ọ pé kó máa dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ilẹ̀kùn bá ń tì lọ, torí pé àwọn tó ń kọ kóòdù kì í rò ó pé èèyàn lè ya dìndìnrìn tó bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ ọ débi tí òun náà fi ń rí nǹkan. Láti ìgbà náà, òun ni ẹlẹ́rìí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi sì ni ẹlẹ́rìí tirẹ̀.

Ó di ará ilé wa. Ẹ̀gbọ́n ló ń pe ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa sì ń pe Ẹlẹ́rìn-ín ní "ọkọ mi". Ó mọ àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì ní pálọ̀ wa, kì í jókòó sórí rẹ̀. Àlejò ò lè mọ irú ìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Oṣù mọ́kànlá péré ni àdéhùn àwọn ará yàrá ẹ̀yìn. Tó bá parí, wọ́n á lọ jókòó sílé fún oṣù kan láìgba kọ́bọ̀, wọ́n á wá padà bí ẹni tí ò débẹ̀ rí, lórí iye tí wọ́n ń san fún ẹni tuntun. Àǹtí Ọ̀gá ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn, pé nígbà tí kò bá sí géèmù tó ń parí lọ́wọ́, kí ni wọ́n fẹ́ máa dán wò? Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, ó ti bọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Ó sọ fún wa pé iye ẹni tuntun lòun ń gbà. Èmi gbà á gbọ́. Ẹlẹ́rìn-ín náà, bó bá ti di oṣù yẹn, á wá dágbére fún ìyá wa pé òun ń lọ sọ́dọ̀ bàbá òun.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wá bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó wá ṣe onídùúró fún òun. Ó ti rí ilé, yàrá méjì pẹ̀lú kíṣìnì tirẹ̀, àmọ́ láńlọ́ọ̀dù ní àfi kó mú ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé kan ni ejẹ́ńtì tó ń bá láńlọ́ọ̀dù náà wá ayálégbé fi ṣe ọ́fíìsì. Kọ́kọ́rọ́ ló kún ara ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, ìṣó kan, kọ́kọ́rọ́ kan. Ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń dán géèmù wò," Ẹlẹ́rìn-ín dáhùn.

"Àwọn ọmọ mi ń dán an wò lófẹ̀ẹ́ ní pálọ̀. Èló ni wọ́n ń san fún yín lóṣù? Láńlọ́ọ̀dù ní ẹni tí owó oṣù ẹ̀ ò bá tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé, kó máa lọ."

Ẹlẹ́rìn-ín wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wo àwọn kọ́kọ́rọ́. "Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, sà?"

"Kọ kí ni? Ṣé ẹ ò lẹ́nu ni?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin." Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́.

"Ẹ gbóhùn sókè, fáànù yìí ń pariwo."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Géèmù yìí dáa o. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ìgbà díẹ̀? Ṣé gbogbo oṣù ni wọ́n ń san án?"

"Gbogbo oṣù ni, sà. Òṣìṣẹ́ gidi ni mí. Ó ti lé lọ́dún méjì."

Ejẹ́ńtì kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Onídùúró ńkọ́?"

"Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe," ẹ̀gbọ́n mi ní. Ó wo Ẹlẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba. Oṣù mọ́kànlá lọ́dún."

Ọkùnrin náà ò jẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́. "Iṣẹ́ kan náà?"

"Iṣẹ́ kan náà."

"Ta ló wá ń dúró fún ta níbí? Àǹtí, ẹ má bínú o. Ẹni tó wà nínú kànga ló ń nawọ́ sí ẹni tó wà lókè yìí, ta ló máa fa ta?" Ó rẹ́rìn-ín títí, kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ lọ wá onídùúró míì wá kó tó di Mọ́ńdè. Àwọn kan ti ń wo ilé yìí."

Nígbà tí wọ́n jáde, ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà.

"Ìgbà wo ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ná."

"Ìgbà wo ni, mo bi ẹ́."

"Láti ìgbà tí géèmù ọdẹ ti kọ́kọ́ jáde. Àǹtí Ọ̀gá ló pè mí. Ó ní ọkùnrin ni mí, pé mo máa tó gbé ìyàwó. Ó ní kí n má sọ, pé ó máa ba yàrá yẹn jẹ́."

"Oṣù tó o ní ò ń lọ sọ́dọ̀ bàbá ẹ ńkọ́?"

Ó wolẹ̀. "Yàrá àwọn ayàwòrán ni mo máa ń wà. Wọ́n máa ń ní kí n bá wọn wo nǹkan."

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló ń rí àléébù jù?"

"Ẹ̀yin ni."

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Bó ṣe máa ń ṣe níwájú ògiri ló ṣe. Ó ní, "Tó bá di Mọ́ńdè, àwa méjèèjì á wọlé tọ Àǹtí Ọ̀gá. Èmi ni màá sọ̀rọ̀. Iye tí wọ́n ń san fún ẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n máa san fún mi. Ìwọ á kàn sọ pé òótọ́ ni. Mi ò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Màá sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Mo fi ìyá mi búra."

Nígbà tó délé tó rò ó fún wa, mo sọ fún un pé kò nílò rẹ̀. Mo ní kó dá wọlé, tàbí kó sọ ọ́ fún gbogbo yàrá. "Ẹni tó ti ń parọ́ fún ẹ láti ọdún méjì lo fẹ́ mú ṣe ẹlẹ́rìí?"

"Láìsí ẹlẹ́rìí, wọ́n á ní mo lá àlá ni. O kàwé, àmọ́ o ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí."

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni ìyá wa wí. "Ọkọ mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n wọ ọ́fíìsì Àǹtí Ọ̀gá, níbi tí kápẹ́ẹ̀tì ti ń gbé ẹsẹ̀ mì, tí ère ọdẹ kan sì dúró sí igun bí ẹni tó ń ṣọ́ owó. Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó. Ó sọ iye tí òun ń gbà, ó sọ iye tí Ẹlẹ́rìn-ín ń gbà, ó sọ ohun tó fẹ́.

Àǹtí Ọ̀gá ò wojú rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ló kọjú sí. "Ṣé ìwọ lo sọ iye tí mò ń san fún ẹ fún un?"

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. "Rárá o, mà. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó oṣù mi rí. Mi ò mọ ibi tí Ẹ̀gbọ́n ti rí i."

Ẹni a ní kó feni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń wo ẹnu rẹ̀, òun ń retí pé kó sọ gbólóhùn tó kù.

"Ojú-Àṣá," Àǹtí Ọ̀gá wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìwọ lò ń kọ́ àwọn ẹni tuntun lófin yàrá yín. Ohun tí ojú kan rí, kí la máa ń ṣe sí i?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sí ère ọdẹ tó wà ní igun.

"Dá mi lóhùn."

"A kì í kà á sí, mà."

"Ó tán. Ẹbí ni wá. Kò yẹ kó o máa yọjú sínú àwo ọmọ ìyá ẹ."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín dì í lọ́wọ́ mú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àǹtí Ọ̀gá ló lọ dúró fún mi lọ́dọ̀ ejẹ́ńtì lánàá. Wọ́n ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá máa sùn níta ni?"

Mo ti kọjá níwájú ilé náà. Yàrá méjì ni lóòótọ́. Fèrèsé kíṣìnì rẹ̀ kọjú sí ibi tí gbogbo àdúgbò ń da ìdọ̀tí sí. Iye tó ta ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, mo sì fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ṣe ohun tí mo ti ní kó ṣe, àmọ́ ó ti pẹ́. Ó dìde dúró láàárín yàrá ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba ni wọ́n ń san fún mi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni wọ́n ń san fún Ẹlẹ́rìn-ín, kì í sì í lọ sílé lóṣù tí àwa ń lọ. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìró ẹsẹ̀ ọdẹ nìkan ló ń jáde látinú kọ̀ǹpútà ẹnì kan. Ẹnì kan ní, "Jókòó, jọ̀ọ́. Wọ́n ń gbọ́."

Ìyá Onígíláàsì ló yíjú. Òun ló dàgbà jù nínú wọn, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ tí mo sún àga fún lọ́jọ́ tó o dé? Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ ni tèmi. A jọ ń lọ, a jọ ń bọ̀. Wọ́n ní iye ẹni tuntun ni, pé gbogbo wa la jọ ń gbà á."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń rò ó fún mi, ibí yìí ni mo ti mọ ohun tí kò sọ fún wa nílé tẹ́lẹ̀. Iye ẹni tuntun kọ́ ló ń gbà. Ọdún méjì sẹ́yìn, Àǹtí Ọ̀gá pè é, ó fi ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin kún un, ó sì ní kó má sọ. Kò sọ. Ó jókòó ti Ìyá Onígíláàsì, ó ń bá a kẹ́dùn lórí owó tí ò tó, owó tó ju ti obìnrin náà lọ sì wà lápò rẹ̀.

"O mọ̀," ni Ìyá Onígíláàsì wí. Kì í ṣe ìbéèrè. Ó fi gíláàsì rẹ̀ padà sójú, ó sì yí padà sí iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa lọ sílé, pé àdéhùn rẹ̀ ti parí. Ó jókòó tì wá. Ó ń fọ aṣọ tó mọ́. Ìyá wa ò dárúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́.

Àmọ́ géèmù tuntun kan ti fẹ́ jáde, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí ògiri ti ń là bí ẹ̀gbọ́n mi. Fóònù rẹ̀ dún nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọṣẹ, ó ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Bí mo ṣe gbọ́ gbogbo ohun tí Àǹtí Ọ̀gá sọ nìyẹn.

"Ojú-Àṣá, Màmá ńkọ́? Ṣé ara wọ́n le? Wò ó, ọmọ mi, mo ti ro ọ̀rọ̀ ẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Gbogbo oṣù. Bíi ti ọmọ yẹn gẹ́lẹ́. Ohun kan ló kù. Wàá dìde ní yàrá yẹn, wàá sọ fún wọn pé ìbínú lo fi sọ ohun tó o sọ lọ́jọ́sí, pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Mo mi orí sí i. Mo ní, "Ìyá Onígíláàsì ńkọ́?" Mo sọ ọ́ sókè, kí obìnrin náà lè gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Màá wá ní Mọ́ńdè."

Mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Ìyá Onígíláàsì fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, nígbà tí mo pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Mo kí i, ó jẹ́ mi lóhùn, ó sì béèrè ìyá wa.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ sọ ọ́ dáadáa," ó ní. "Kò ṣìsọ. Gbogbo wa gbọ́ pé irọ́ ni. Àwọn kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un."

"Kí lẹ sọ, mà?"

"Kí ni kí n sọ? Mo wà níbẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, mo tún wà níbẹ̀ nígbà tó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ." Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó wọlé. Nígbà tí oṣù ìjókòó-sílé wọn parí, wọn ò pè é padà mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti di òṣìṣẹ́ gidi. Òun àti Ẹlẹ́rìn-ín tún ti jọ jókòó. Ẹlẹ́rìn-ín ti padà wá sílé wa, ìyá wa sì bu oúnjẹ fún un. Mo gbé tèmi jáde lọ jẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi, pé ìwé ló gun orí mi, pé owó tó wọlé ló yẹ kí n wò. Owó náà wọlé lóòótọ́. A kun ilé wa ní ọ̀dà.

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú bàtà tuntun méjì àti ojú ẹni tí wọ́n ti tún fi nǹkan kún tirẹ̀. Mo bi í pé èló ni wọ́n ń san fún un báyìí.

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò tó kàn ṣí ilẹ̀kùn yàrá.

"Àbúrò mi," ó ní, "a kì í béèrè irú ìyẹn."